Ìdí Tí Irin Tí Kì Í Dípẹtà Fi Ń Sán Nínú Ẹ̀rọ Amúnáwá Núkílíà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, EDF, iléeṣẹ́ tó ń fi agbára núkílíà pèsè iná mànàmáná fún ilẹ̀ Faransé, kéde pé àwọn ríákítọ̀ (ẹ̀rọ tí agbára núkílíà ti ń mú omi gbóná) mẹ́rin tó lágbára jù lọ lọ́wọ́ òun kò ní ṣiṣẹ́ fún ìgbà kan ná: méjì ní Civaux, nítòsí ìlú Poitiers, àti méjì ní Chooz, lẹ́bàá ààlà Bẹ́ljíọ̀mù. Ohun tó fà á kò ju àwọn ìlà sísán kan tó jìn ní ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjórin páìpù ní Civaux nígbà àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Irin sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì ni páìpù náà, ó nípọn tó nǹkan bí mìlímítà 30, omi tí wọ́n sì ti sẹ́ iyọ̀ àti ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè tètè rò pé ayédèrú irin ni wọ́n rà, tàbí pé ìpẹtà ti jẹ páìpù náà gbó. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Irin tó dára, omi tó mọ́ àti ajórin tó mọṣẹ́ lè pàdé, kí irin náà sì tún sán, bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí ojú kò rí.

Stress corrosion cracking ni àwọn ẹnjiníà ń pe irú sísán yìí, wọ́n sì máa ń gé e kúrú sí SCC. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé lójú kan náà kí ó tó wáyé: irin tí ipò rẹ̀ gbà á láyè, agbára kan tó ń fa irin náà láìdábọ̀, àti omi tí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bá irin bẹ́ẹ̀ jà. Bí a bá yọ ọ̀kan ṣoṣo kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn méjì tó kù kò ní lè dá a ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rú ènìyàn lójú ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè wà ní ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò ní kà sí ewu. Ìfà náà lè kéré gan-an sí èyí tó lè fa irin já. Omi náà, bí a bá rẹ irin tí kò sí lábẹ́ ìfà sínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kò ní ṣe é ní nǹkankan tó ṣe é tọ́ka sí. Àfi ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni ìlà kan á bẹ̀rẹ̀ láti ojú irin, tí yóò máa wọ inú lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìjẹ́ pé páìpù náà fẹ́lẹ́ sí i, láìjẹ́ pé ó yọ ìpẹtà pupa kankan síta.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí irin sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì jẹ́. Irin lásán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni krómíọ́mù tí wọ́n pò mọ́ ọn: nínú oríṣi tí wọ́n ń pè ní 304, èyí tó wọ́pọ̀ lára síńkì àti ìkòkò ilé ìdáná, krómíọ́mù jẹ́ nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, níkẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 8. Krómíọ́mù yìí máa ń gba ọ́síjìn mọ́ra lójú irin, á sì di awọ kan tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò lè rí i. Awọ yìí ló ń dáàbò bo irin. Bí nǹkan bá ha á, yóò tún ara rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí krómíọ́mù bá ṣì tó nínú irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí krómíọ́mù bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 11 lọ, awọ náà kò ní lágbára mọ́.

Ẹni tó bá gé wẹ́wẹ́ kan lára irin yìí, tó dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà bíi dígí, tó fi ásíìdì kàn án díẹ̀, tó sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, yóò rí i pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tó gùn lọ. Hóró ni, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, tí ìlà tín-ín-rín kan sì ṣe ààlà láàárín wọn. Ààlà yìí ni gbogbo ọ̀ràn wà. Kábọ́ọ̀nù díẹ̀ máa ń wà nínú irin, nínú 304 àtijọ́ ó lè tó ìdá 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí irin náà bá gbóná débi ìwọ̀n bíi 500 sí 800 Celsius, tó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, kábọ́ọ̀nù náà á rìn lọ sí ààlà hóró, á sì gbá krómíọ́mù tó wà nítòsí mọ́ra, àwọn méjèèjì á sì le gbagidi pọ̀ di ohun mìíràn. Àárín hóró ṣì ní krómíọ́mù ìdá 18 rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti tán. Ẹni tó bá wọn krómíọ́mù gbogbo irin náà lápapọ̀ kò ní rí ohun tó dín kù. Irin náà ṣì ń dán, ó ṣì le bó ti yẹ, síbẹ̀ ọ̀nà tóóró kan ti là sínú rẹ̀ níbi tí awọ ààbò kò ti lè dúró. Ojú ọ̀nà yìí ni ìlà sísán máa ń tọ̀, láti ààlà hóró kan dé òmíràn, tí yóò máa yí gbáà bí hóró bá ṣe yí.

Iṣẹ́ ìjórin ló máa ń mú irin dé ìwọ̀n ìgbóná yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí iná ajórin ti kan irin gan-an, irin náà ti yọ́, ìgbóná rẹ̀ sì ti ju 1400 lọ. Bí a bá kúrò níbẹ̀ ní mìlímítà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, a ó kan ibì kan tí kò yọ́, ṣùgbọ́n tó gbóná dé àárín 500 sí 800 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ojú ìjórin ni ìlà sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí ojú ìjórin fúnra rẹ̀ sì máa ń wà láìlábàwọ́n. Ẹni tó bá dá ajórin lẹ́bi pé kò jó o dáadáa ti ṣì í mú.

Ìjórin kan náà ló tún ń mú ìfà wá, apá yìí ni mo sì rí pé àwọn ènìyàn kì í fojú sí rárá. Irin tó yọ́ máa ń súnkì bó bá ṣe ń tutù, ṣùgbọ́n irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò yọ́, kò sì fẹ́ bá a súnkì. Bí aránṣọ bá fa òwú le jù, tí aṣọ á sì máa ká jọ lójú rírán, bẹ́ẹ̀ ni irin ojú ìjórin ṣe ń fa irin tó yí i ká, àfi pé páìpù tó nípọn kò lè ká jọ bí aṣọ, ìfà náà á sì wà nínú rẹ̀ pa mọ́. Ó lè pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí irin náà lè gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Páìpù tó wà nílẹ̀ ní ilé ìṣẹ́, tí kò sí omi nínú rẹ̀, tí kò gbé ẹrù kankan, ti wà lábẹ́ ìfà yẹn. Kò sì ní kúrò nínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bí kò ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un kúrò. Ohun tó tún burú ni pé nínú páìpù, ojú inú, níbi tí omi ti ń kan irin, ni ìfà náà ti sábà máa ń wà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fara gbá èyí lọ́nà tó hàn sí gbogbo ayé. Oríṣi ríákítọ̀ kan wà tí omi ti máa ń hó nínú rẹ̀ gan-an, tí ooru rẹ̀ á sì lọ yí ẹ̀rọ amúnáwá. Omi rẹ̀ máa ń gbóná tó nǹkan bí 288 Celsius, ìtànṣán núkílíà sì máa ń tú díẹ̀ nínú omi náà ká sí háídírójìn àti ọ́síjìn. Ọ́síjìn tó bá ṣẹ́ kù nínú omi náà kéré débi pé ìdá bílíọ̀nù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nǹkan bí 200 nínú bílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n ó tó. Ní ọdún 1974 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìlà sísán lára àwọn páìpù 304 ní iléeṣẹ́ amúnáwá Dresden ní ìpínlẹ̀ Illinois àti láwọn ibòmíràn. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 1975, NRC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó núkílíà, tí kò tíì pé oṣù kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pàṣẹ pé kí ríákítọ̀ irú èyí tó lé ní ogún dúró fún àyẹ̀wò. Páìpù kéékèèké ló kọ́kọ́ kàn. Ní ọdún 1982, ní Nine Mile Point ní ìpínlẹ̀ New York, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò lójú ìjórin àwọn páìpù ńláńlá tó ń yí omi káàkiri inú ríákítọ̀, àwọn tó ni ín sì pàrọ̀ gbogbo wọn.

Àwọn ẹnjiníà dojú kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ti kà lókè. Ní ti irin, wọ́n kúrò lórí 304 lásán bọ́ sí oríṣi mìíràn, 316, tí wọ́n ti dín kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kù sí nǹkan bí ìdá 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò fi sí kábọ́ọ̀nù tó lè gbá krómíọ́mù lọ. Ní ti omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi háídírójìn kún un kí ó lè mú ọ́síjìn náà so. Ní Dresden yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1982. Ọgbọ́n tí wọ́n fi mú ìfà kúrò ló wù mí jù. Wọ́n á fi iná mànàmáná gbóná ẹ̀yìn páìpù níbi ojú ìjórin, nígbà tí omi tútù ń ṣàn nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn páìpù á fẹ́ wú, inú rẹ̀ tó tutù kò ní gbà fún un, irin inú á sì nà díẹ̀ kọjá ààlà rẹ̀, ti ẹ̀yìn á sì fún pọ̀ kọjá ààlà tirẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá tutù tán, ìfà tó wà nínú páìpù ti yí padà di fífún: ojú irin tó kan omi wà ní fífún pọ̀, ìlà sísán kò sì lè là sínú irin tó ń fún ara rẹ̀ pọ̀.

Kì í ṣe pé kábọ́ọ̀nù kékeré parí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn ọdún 2000, wọ́n rí SCC ní Jàpáànù lára 316L tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré, nítorí pé bí wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ gé ojú irin náà tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ ti mú kí ojú rẹ̀ le ju bó ti yẹ lọ. Irin tó ti le bẹ́ẹ̀ lè sán láìjẹ́ pé krómíọ́mù rẹ̀ dín kù.

A lè wá padà sí ilẹ̀ Faransé. Gbogbo ríákítọ̀ tó ń mú iná wá níbẹ̀ jẹ́ oríṣi kejì, èyí tí wọ́n ti ń fi ìtẹ̀ tó tó ìlọ́po 155 ti afẹ́fẹ́ ká omi mọ́ kó má lè hó, bó tilẹ̀ gbóná ju 300 lọ. Háídírójìn máa ń wà nínú omi náà nígbà gbogbo, ọ́síjìn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀. Irin páìpù náà jẹ́ 316L tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré. Bí a bá fi òye Amẹ́ríkà ọdún 1975 wò ó, méjì nínú ohun mẹ́ta náà kò sí níbẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó ń retí SCC lára àwọn páìpù yẹn. Nígbà tí àmì kọ́kọ́ hàn ní Civaux, wọ́n rò pé gbígbóná àti títutù léraléra ló ń rẹ irin náà. Àfìgbà tí wọ́n gé páìpù náà kúrò, tí wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ni wọ́n rí ìlà tó ń tọ ààlà hóró.

Ìfà ló kù, òun náà sì ni wọ́n wá rí pé ó pọ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ lọ. Páìpù tí à ń sọ yìí ni èyí tó máa da omi tútù tí wọ́n pò mọ́ boron (èròjà tó ń dá ìṣiṣẹ́ núkílíà dúró) sínú ríákítọ̀ bí páìpù ńlá bá bẹ́. Ní ọjọ́ tí kò sí ìjàǹbá, omi inú rẹ̀ dúró sójú kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti so mọ́ páìpù ńlá, omi gbígbóná máa ń ti ibẹ̀ yí wọ inú rẹ̀, á sì léfòó lórí omi tó tutù jù ú lọ. Orí páìpù á gbóná, á fẹ́ gùn sí i. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, kò sì gùn. Páìpù náà á fẹ́ tẹ̀ kọdọrọ, ojú ìjórin ni yóò sì ru ẹrù yẹn, lórí ìfà tí ìjórin fúnra rẹ̀ ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

EDF wá rí i pé bí wọ́n ṣe ya ọ̀nà páìpù náà ló mú kí èyí pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ó sì wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn ríákítọ̀ 32 tó dàgbà jù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 900 mẹ́gáwáàtì, tí àwòrán wọn ti ọ̀dọ̀ Westinghouse ní Amẹ́ríkà wá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá. Àwọn mẹ́rin tó kéré lọ́jọ́ orí jù nígbà náà, ní Civaux àti Chooz, tí wọ́n sopọ̀ mọ́ iná ìlú láàárín 1996 sí 1999, ni ó burú jù fún, àwọn kan nínú àwọn 1300 mẹ́gáwáàtì sì tẹ̀ lé wọn. Mo rò pé èyí ni ohun tó yẹ kí ará ìlú rántí jù nínú gbogbo ìtàn náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ogbó ló ń sán páìpù. Àwọn tó gbó gan-an ló yè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà ní Penly, létí òkun ní Normandy, tó fi hàn bí ìfà ṣe lè fara pa mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n rí ìlà sísán kan lára ojú ìjórin páìpù ríákítọ̀ Penly 1, tó gùn ní mìlímítà 155, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́rin àyíká páìpù náà, tó sì jìn dé mìlímítà 23. Gbogbo ìnípọn irin náà kò ju mìlímítà 27 lọ. Bí wọ́n ṣe ya ọ̀nà páìpù yẹn kò burú, nítorí náà wọn kò kà á mọ́ àwọn tó lè sán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ́ iléeṣẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tún ojú ìjórin yẹn ṣe. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbẹ́ ojú ìjórin kúrò tí wọ́n sì tún jó o, irin tuntun á tún yọ́, á tún súnkì, ìfà tuntun á sì wọlé sórí ti àtijọ́. ASN, àjọ tó ń ṣọ́ ààbò núkílíà nílẹ̀ Faransé nígbà náà, kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹta, wọ́n sì fi sí ipò 2 lórí òṣùwọ̀n àgbáyé tó lọ láti 0 dé 7.

Ó tọ́ láti béèrè ìdí tí wọn kò fi tètè rí irú ìlà tó jìn bẹ́ẹ̀. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni wọ́n fi ń wo inú irin, ọgbọ́n kan náà tí wọ́n fi ń ṣe skáànì fún aláboyún. Wọ́n á rán ìró wọlé, bí ó bá kan ìlà sísán, yóò ta padà. Nínú irin sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n jó, hóró ojú ìjórin máa ń tóbi, ó sì máa ń gùn ní ìhà kan, débi pé àwọn hóró náà fúnra wọn á máa ta ìró náà káàkiri. Ẹni tó ń wo àwòrán rẹ̀ á rí àmì púpọ̀, á sì ní láti mọ èyí tó jẹ́ hóró lásán àti èyí tó jẹ́ ìlà sísán. Nítorí èyí ni wọ́n fi kọ́kọ́ gé ọ̀pọ̀ páìpù lọ sí yàrá àyẹ̀wò, títí EDF fi rí ọ̀nà kan nínú ọdún 2022 láti fi ìró wọn jíjìn ìlà láìgé nǹkankan. Iṣẹ́ pípàrọ̀ àwọn páìpù náà kò rọrùn: ibi tí ìtànṣán wà ni, àkókò tí ajórin kọ̀ọ̀kan lè lò níbẹ̀ sì ní òdiwọ̀n, EDF sì ní láti ké sí àwọn ajórin láti Amẹ́ríkà àti Kánádà wá kún ti ilé.

Ìlà sísán bẹ́ẹ̀ kò lè mú kí ríákítọ̀ bú gbàmù. Páìpù irú èyí ju ẹyọ kan lọ lára ríákítọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣètò wọn kí àwọn yòókù lè ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan bá bẹ́. Bí ọ̀kan bá sì bẹ́, omi ríákítọ̀ ni yóò máa tú jáde, èyí tí wọ́n ti ṣètò ìdáàbòbò fún. Àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò ó, nítorí pé páìpù tó sán ni páìpù tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ burúkú, SCC tó bá sì mú ọ̀kan lè mú èkejì rẹ̀ tí wọ́n kọ́ lọ́nà kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ríákítọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ríákítọ̀ EDF mú iná tí kò ju nǹkan bí 279 tẹ́ráwáàtì-wákàtí jáde ní 2022, nígbà tó jẹ́ pé ó ju 360 lọ ní ọdún tó ṣáájú. Faransé, tó ti ń ta iná fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ ju èyí tó ń rà lọ lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún 1980, rà ju èyí tó tà lọ lọ́dún náà, ní àkókò tí gáàsì wọ́n jákèjádò Yúróòpù nítorí ogun Ukraine.

Lẹ́yìn Penly, ASN ní kí EDF tún ètò àyẹ̀wò rẹ̀ tò. EDF padà sínú àwọn ìwé ìkọ́lé tó ti pẹ́ nílẹ̀ láti wá gbogbo ojú ìjórin tí wọ́n tún ṣe nígbà ìkọ́lé, ó sì fi wọ́n síwájú nínú àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, yálà ọ̀nà páìpù náà burú tàbí kò burú.